Bàbá Àyè àti Ibùdúró Kẹsàn-án

Ẹ má bi mí léèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ní pápákọ̀ òfurufú wa, Bàbá Àyè ni gbogbo wa ń pè é, òun náà sì ti dáhùn sí i fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ibi tí bàálù kọ̀ọ̀kan máa dúró sí bó bá ti balẹ̀, kó sì lọ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú pátákó aláwọ̀ ọsàn méjì lọ́wọ́, kó máa júwe fún awakọ̀ pé máa bọ̀, máa bọ̀, yà díẹ̀ sí ọ̀tún, ó tó. Bó bá ti fi pátákó méjèèjì kọ́ra lókè orí báyìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dúró, o ò gbọdọ̀ sún mọ́ mi mọ́. Kò sí awakọ̀ bàálù tí kò mọ àmì yẹn, ì báà má gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọkùnrin kúkurú ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí òsì rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́ nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá fi àga dí ọ̀nà, á gbé e kúrò kó tó kí yín. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, sọ fún mi pé bàtà tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn, Bàbá á tò ó, á kọjú gbogbo ẹ̀ síta, kí ẹni tó bá ń kánjú má baà máa wá ọ̀nà yí ẹsẹ̀ po. Obìnrin yẹn ní òun ti fẹ́ sá kúrò nílé nígbà kan, ṣùgbọ́n bàtà òun ti kọjú síta dè òun, ẹ̀rín ló pa òun tí òun ò fi lè lọ mọ́.

Èmi ni mo ń wa tírákítọ̀ tó ń wọ́ bàálù. Ìyá Tírákítọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọkọ mi olóògbé máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi ẹnu mi lagi, igi ìdáná ò ní wọ́n ládùúgbò. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti wà lórí tírákítọ̀. Nígbà tí mo dé, àwọn ọkùnrin ní obìnrin ò lè wọ́ bàálù, pé ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Bàbá Àyè wò wọ́n, ó ní, "Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ fún un láyè." Ọjọ́ yẹn ló ti di bàbá mi níbi iṣẹ́.

Ibùdúró méjìdínlógún la ní. Gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà ìyeyè kọ sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ mi ni pé ikẹsàn-án kì í kún. Bí ọjà bá kún dé ibi tó kún dé, a máa ń wá ọgbọ́n dá sí àwọn yòókù, a ó sì fi ikẹsàn-án sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bàálù tó níṣòro kì í ránṣẹ́ síwájú, àti pé nínú gbogbo ibùdúró wa, ikẹsàn-án nìkan ló ní ẹnu méjì, bàálù lè gba ọ̀tún wọ̀ ọ́, ó sì lè gba òsì. A ò kọ òfin yìí síwèé kankan. Ẹni tó bá bá wa ṣiṣẹ́ á mọ̀ ọ́n, ẹni tí ò bá bá wa ṣiṣẹ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé.

Nígbà tí wọ́n fún ìlú wa ní àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń wò, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ètò kan kalẹ̀. Àwọn èèyàn tó wọ kóòtù, tí bàtà wọn ò tíì tẹ epo ẹ́ńjìnnì rí. Wọ́n ya àwòrán pápákọ̀ wa, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìpàdé, wọ́n sì ka ibùdúró méjìdínlógún. Wọ́n rí i nínú ìwé pé ikẹsàn-án máa ń ṣófo, inú wọn dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Kíá ni wọ́n ti pín in fún àlejò pàtàkì kan.

Bàbá nawọ́ sókè. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "bàálù tí ẹ kọ síbí fún ọjọ́ àṣekágbá jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Níbo ni wọ́n máa dúró sí?"

Alága ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, kọ̀ǹpútà ti ṣírò ẹ̀. Bàálù àwọn ọlọ́lá á já wọn sílẹ̀, á sì gbéra lọ dúró sí pápákọ̀ kejì títí bọ́ọ̀lù á fi parí. Wọ́n ti fọwọ́ síwèé."

"Ìwé kọ́ ló ń wa bàálù, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Bàbá kọ lẹ́tà lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Títí di òní, wọn ò fèsì.

Kí n tó dé ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyá mi wà nílé ìwòsàn ńlá tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí pápákọ̀. Ọkàn rẹ̀ ni ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó wá rí i, kó tètè máa bọ̀. Ẹnì kan náà tó wà ni Bọ̀dá mi, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti wà lókè òkun fún ọdún mọ́kànlá nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ìwé ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ó wá àyè nínú bàálù títí, kò rí, nítorí gbogbo ayé ló ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù. Ẹyọ ìjókòó kan tó rí, ọjọ́ àṣekágbá gan-an ló bọ́ sí.

Màámi ti kọ oúnjẹ láti ọjọ́ kẹta. Ó ní òun ò ní jẹun àfi tí òun bá rí ọmọ òun. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo yà kí i. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ṣé bàálù ẹ̀ ti gbéra?"

"Ó ti gbéra, Màámi. Aago méjì ọ̀sán ló ń balẹ̀."

"Ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n dá ọmọ mi dúró o."

Mo ní kò séwu. Mo rẹ́rìn-ín pàápàá. Mo rò pé kí ló lè ṣẹlẹ̀?

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni bàálù àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ léra bí eéṣú. Olówó á sọ̀ kalẹ̀, á gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì lọ. Nígbà tí Bàbá bá wá sọ fún awakọ̀ pé ó yá, gbéra, awakọ̀ á ní ọ̀gá òun ti fún òun ní tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, kí òun má baà jìnnà sí ọ̀gá. Wọ́n á ti ìlẹ̀kùn bàálù pa, wọ́n á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, wọ́n á lọ. Awakọ̀ tó tiẹ̀ fẹ́ gbéra ò ríbi tó ń lọ, pápákọ̀ kejì tí wọ́n ní kí wọ́n lọ dúró sí ti kún láti aago mẹ́wàá. Mo fi ojú wá Alága, mi ò rí i. Wọ́n ní ó wà ní ilé àlejò inú pápákọ̀ wa, ó ń kí àwọn èèyàn ńlá káàbọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán gangan, ibùdúró mẹ́tàdínlógún ti kún. Bàálù méjì wà létí koríko. Mẹ́ta dúró sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí bàálù tó balẹ̀ yà sí. Ohùn Òkè, ìyẹn obìnrin tó ń darí bàálù láti inú ilé ìṣọ́, ti dá bàálù elérò méjì padà. Ohùn rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́ nínú rédíò ọwọ́, òun la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo wo ikẹsàn-án, mo rí i pé ó ṣófo, Bàbá Àyè sì dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Mo ní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àgbà wà lọ́jà.

Wọ́n rán mi lọ sí ìpẹ̀kun kejì láti lọ wọ́ ọmọlanke ẹrù. Bí wákàtí kan àbọ̀ ni mo lò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, bàálù kan tó ń dán bí abọ́ fàdákà ti wà lórí ikẹsàn-án.

Kí n tó ya ẹnu, rédíò sọ̀rọ̀. Ohùn Òkè ni. "Bàálù elérò tó ń bọ̀ láti òkè òkun ti dé o. Ó ń yípo lókè. Epo ẹ̀ lè gbé e yípo fún ogójì ìṣẹ́jú péré, lẹ́yìn ìyẹn ó gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti bu epo kẹ́yìn. Bàbá Àyè, ṣé àyè wà?"

Bàbá wo bàálù fàdákà náà. Mo wo aago, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàálù Bọ̀dá mi ni. Ibi tó ti bu epo kẹ́yìn, wákàtí mẹ́ta ni sí ọ̀dọ̀ wa, bó bá sì padà síbẹ̀, ó di ọ̀tunla kó tó tún ríbi balẹ̀. Màámi ò ní ọ̀tunla. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè kàn balẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí bí kò bá ríbi yà sí, orí ọ̀nà ìsáré ló máa dúró sí, kò sí bàálù mìíràn tó máa lè balẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ì báà ti gbiná.

Mo fò sílẹ̀ lórí tírákítọ̀. "Ta ni olórí burúkú tó gbé eléyìí síbí? Àwọn oníkóòtù wọ̀nyẹn ni, àbí? Ta ni? Kó jáde kí n rí i!"

"Èmi ni," Bàbá ní.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Èmi ni mo júwe fún un. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀, ó ní ọ̀gá àwọn ò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì àṣekágbá." Kò wo ojú mi. "O mọ ìyàwó mi. O mọ bó ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ fún un pé lọ́jọ́ kan. Mo rò ó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Mo ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i nílé, ó ti lọ. Àwọn yìí náà ti lọ."

Ẹ̀yin èèyàn, ojú mi ṣókùnkùn. Èèyàn tó kọ́ mi pé ikẹsàn-án kì í kún! Mo nàka sí i. Mo ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ríbi dúró sí! Bẹ́ ẹ ṣe gba àyè mọ́ ìyá mi lọ́wọ́, ibi gbogbo ni àyè á ti há mọ́ yín! Nílé, níbi iṣẹ́, ẹ ò ní ráyè!"

Ẹyin lohùn. Bó ti bọ́ lẹ́nu mi, mo mọ̀ pé ó ti fọ́. Àgbàlagbà tó tó bí mi lọ́mọ ni mo sọ ọ́ sí, lójú àwọn tó ń kó ẹrù. Bí Bàbá ṣe wò mí, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ṣùgbọ́n kò bínú. Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀, ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ dé iwájú orí.

"O ti wí tìrẹ," ó ní. "Gbé tírákítọ̀ ẹ wá."

Ó lọ fi ìdí pátákó kan ìlẹ̀kùn bàálù fàdákà yẹn. Ó kàn án títí. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ẹlẹ́rọ yọjú, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Mẹ́káníìkì bàálù náà ni.

"Àwọn awakọ̀ yín ńkọ́?" Bàbá bi í.

"Wọ́n ti lọ wo bọ́ọ̀lù. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọtí wọn."

"Ṣé o lè tú bíréèkì?"

"Mo lè tú u. Ta ló máa dáhùn fún un?"

"Èmi."

Mẹ́káníìkì wò ó, ó wo èmi tí omijé ń dà lójú mi bí òjò. Ó ní, "Ẹni tó pín tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn títí dé orí alásè, tó wá fi èmi sílẹ̀, kí ni mo jẹ ẹ́?" Ó wọlé lọ, a sì gbọ́ tí bíréèkì mí fùú.

Irin tí a fi ń so bàálù mọ́ tírákítọ̀ ló tún di wàhálà. Mẹ́ta la ní, kò sí èyí tó bá imú bàálù kékeré yẹn mu. Ìgbìmọ̀ ètò ti kọ ọ́ síwèé pé kí oníbàálù kọ̀ọ̀kan gbé irin tirẹ̀ dání. Mẹ́káníìkì ní tiwọn wà nílé. Mo gbé orí lé ọwọ́ tírákítọ̀, mo bú sẹ́kún. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá ti ń sáré. Mi ò rí i kó sáré rí. Ó lọ sẹ́yìn ilé ìkó-nǹkan-sí, ó wọ́ irin àtijọ́ kan bọ̀, ìpẹtà ti bò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ní kó dà á nù, ó ń gbé e pa mọ́. Ó kì í bọ imú bàálù, ó wọlé.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Níbo ni kí n wọ́ ọ lọ?" mo ní. "Gbogbo ibi ló ti kún!"

"Wọ́ ọ lọ síwájú ilé àlejò."

"Bàbá, kápẹ́ẹ̀tì pupa wà níbẹ̀!"

"Kápẹ́ẹ̀tì ò ní epo tó ń tán. Wọ́ ọ lọ!"

Mo wọ́ ọ. Mo wọ́ ọ kọjá láàárín bàálù méjì tí ìyẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ha mí lórí. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n, ẹ sọ fún àwọn ọkùnrin ọjọ́sí. Táyà gun kápẹ́ẹ̀tì, ó ká a jọ bí ẹní àtijọ́, ìkòkò òdòdó mẹ́ta ṣubú. Àwọn tó ń gbé ọtí kiri fi abọ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sá wọlé. Mo já a sílẹ̀ níbẹ̀, mo padà sáré wá.

Mo bá Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò. "Ikẹsàn-án ti ṣófo."

"Ṣé ó dá yín lójú?" Ohùn Òkè ní. "Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù fún un. Mo ń mú un sọ̀ kalẹ̀."

Ohùn mìíràn gé e. Alága ni, láti ilé àlejò. "Rárá! Bàálù àlejò pàtàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Òun ló ni ikẹsàn-án. Ẹ sọ fún elérò yẹn kó máa padà!"

A yíjú. Lóòótọ́, bàálù funfun kékeré kan ti ń yí bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, imú rẹ̀ kọjú sí wa.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ọ̀dà ìyeyè. Bàbá fà mí lápá dìde. Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹnu méjì ló ní. Èmi á di ọ̀tún. Ìwọ lọ síbi òsì, ìwọ lo máa mú bàálù bọ̀dá ẹ wọlé."

"Èmi? Mi ò ṣe é rí! Mi ò ní pátákó!"

"O ti ń wò mí fún ọdún mẹ́tàlá. Ìbọ̀wọ́ ẹ pupa bí ọsàn, ó tó."

Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀tún, ó dúró ní agbedeméjì ọ̀nà, ó sì fi pátákó méjèèjì kọ́ra lókè orí.

Bàálù funfun yẹn ò dúró. Ó ń rọra bọ̀, bí ẹni tó rò pé àgbàlagbà á yà. Bàbá ò yà. Rédíò ìbàdí rẹ̀ ń ké: "Bàbá, ẹ júwe fún un! Ṣé ẹ mọ ẹni tó wà nínú bàálù yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì! Ṣé ẹ fẹ́ kó iṣẹ́ yín dànù ni?" Ó sọ ọwọ́ kan kalẹ̀, ó pa rédíò, ó gbé ọwọ́ náà padà sókè. Imú bàálù dé ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Fìlà rẹ̀ fò lọ. Ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Awakọ̀ wá tẹ bíréèkì, bàálù dúró gbọn-in.

Mo gbọ́ Ohùn Òkè nínú rédíò tèmi. "Ta ló dá a dúró?"

Mo ní, "Bàbá Àyè ni. Mo wà ní ẹnu òsì, ibẹ̀ ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn wálẹ̀."

Alága ń pariwo lórí ohùn wa. Obìnrin yẹn fi ohùn tirẹ̀ borí i. Ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Mo ń mú wọn wálẹ̀." N ò tíì rí ojú rẹ̀ rí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo ń gbàdúrà fún un.

Bàálù ńlá yẹn balẹ̀, ó yí wá sí òsì. Nígbà tó kọjú sí mi, ó ga ju ilé lọ. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè nínú ìbọ̀wọ́. Máa bọ̀. Máa bọ̀. Ẹnu mi ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ mi. Ìyẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ní láti kọjá lẹ́yìn Bàbá, mo sì rí i pé àlàfo tó wà níbẹ̀ kéré. Mo ní yà díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí i. Ìyẹ́ náà kọjá lẹ́yìn Bàbá ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Mo fi ọwọ́ mi kọ́ra. Bàálù dúró lórí nọ́ńbà náà gan-an.

Bọ̀dá mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò kan. Ó ti sanra, irun ti ń jẹ lórí rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ kí i. Mo ní, "Sáré," a sì sáré.

Nígbà tá a dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màámi, ó la ojú. Ó wò ó títí. Ó ní, "O ti jẹun?"

Bọ̀dá mi ní òun ò tíì jẹun. Màámi ní, "Wọ́n fi ebi pa ọ́ dé ibí." Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá kí àwọn jọ jẹ ẹ́. Ṣíbí mẹ́ta ni òun fúnra rẹ̀ jẹ, láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Màámi fi ayé sílẹ̀. Mo sunkún, mo sì dúpẹ́. Méjèèjì ni mo ṣe papọ̀, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́ ni mo gbọ́ pé wọ́n ti fún Bàbá ní ìwé lọ-gbélé-ẹ. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n pè mí, mo sọ ohun tí mo rí. Mo sọ ti ìpàdé, ti lẹ́tà méjì, ti bàálù mọ́kàndínláàádọ́ta. Wọn ò kọ èyí kankan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé òṣìṣẹ́ kan gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ta ibùdúró kẹsàn-án. Ta ló sọ fún wọn? Bàbá fúnra rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ síwèé, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n lé e pátápátá. Alága yẹn ṣì wà lórí àga, wọ́n tiẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ.

Ṣé ẹ rí ohun tí ẹnu mi fà? Mo ní kó má ríbi dúró sí níbi iṣẹ́. N ò sùn dáadáa. Bọ̀dá mi ní ọ̀rọ̀ mi kọ́ ló lé e, pé àwọn oníkóòtù ni. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́.

A jọ lọ sílé Bàbá lọ́jọ́ Sátidé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ gba ìdajì pálọ̀, aṣọ oníbàárà wà lórí gbogbo àga, wọ́n kó òmíràn sórí fèrèsé. Bàtà ẹnu ọ̀nà kọjú síta. Ìyàwó rẹ̀ rí wa, ó ti ń sunkún kó tó dìde. "Ká ní mo mọ ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ti wá ni," ó ní, "ǹ bá rún un jẹ, ǹ bá fi omi sin ín. Góòlù méjì ni mo rí. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ló ń dúró níwájú bàálù."

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń bá a tú ìdí bọ́tìnnì. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ láti ilé, mi ò rí i sọ mọ́, èmi elẹ́nu mímú. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo ti gbé e padà. Mo gbé e padà níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìyàwó yín. Ẹ foríjì mí."

Bàbá gbójú sókè. Ó wo Bọ̀dá mi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé Ìyá jẹun?" ó bi mí.

"Ṣíbí mẹ́ta, sà. Láti ọwọ́ ẹ̀."

Ó mi orí. Ó fi bọ́tìnnì sínú agolo, ó kó aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó kó o lé itan ara rẹ̀, ó sún títí ó fi lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ jókòó," ó ní. "Àyè wà."